Kí ni Pluto ṣe tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò nínú pílánẹ́ẹ̀tì?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ́ wa, Pluto ló sì kẹ́yìn wọn. Ọmọ mi wá ń bá mi jiyàn pé mẹ́jọ ni, pé tíṣà àwọn ní Pluto ti di aràrá. Mo ní ṣé ó sún kì ni? Mo lọ kà nípa rẹ̀, wọ́n ní torí pé kò gbá ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo tún kà á pé Pluto yìí kan náà máa ń ré ojú ọ̀nà Neptune kọjá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé Neptune náà kò gbá tirẹ̀ mọ́. Kí ló dé tí wọ́n lé ọ̀kan tí wọ́n sì fi èkejì sílẹ̀? Àbí torí pé Pluto kéré ni wọ́n ṣe rẹ́ ẹ jẹ?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ìdajì àkọ́kọ́ nínú ìbéèrè yín, mo máa ń rí i gbà lemọ́lemọ́. Ìwọ̀nba èèyàn ló máa ń ro ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Neptune bí ẹ ṣe rò ó yìí. Bó ṣe yé mi, ohun tó ń kọ yín lóminú ni pé ó jọ pé ẹjọ́ tí wọ́n dá fún Pluto, wọn ò dá a fún Neptune. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ìrẹ́jẹ gbáà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀bi yín kọ́, torí ọ̀rọ̀ "gbá ojú ọ̀nà mọ́" yẹn gan-an ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. A máa dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ kíkéré kúrò nílẹ̀. Ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé Pluto sún kì ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àfi pé ìṣirò wa ló sún kì. Nígbà tí Clyde Tombaugh rí Pluto ní ọdún 1930, ní ibùdó ìwòràwọ̀ Lowell ní Arizona, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ rò pé ìwúwo rẹ̀ á tó ti Ayé. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni iye yẹn ń já wálẹ̀. Ní ọdún 1978, James Christy ń wo fọ́tò Pluto, ó rí i pé kókó kékeré kan yọ sí i lára, pé kókó náà sì máa ń bọ́ sí apá ibòmíì nínú fọ́tò mìíràn. Òṣùpá Pluto ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Charon. Kò sí ohun tó lè dùn mọ́ ẹni tó fẹ́ wọn ìwúwo nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó láé ju pé kí nǹkan náà ní òṣùpá lọ. Ẹ fojú inú wo ẹni tó so òkúta mọ́ okùn, tó ń fì í yí orí po. Bó bá ṣe ń yára fì í sí ni okùn náà gbọ́dọ̀ ṣe le tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á já. Agbára òòfà Pluto ni okùn, Charon ni òkúta. A mọ bí Charon ṣe jìnnà sí Pluto tó, a sì mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́fà àti nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án ló fi ń yí i po lẹ́ẹ̀kan. Èyí ti sọ bí okùn náà ṣe le tó, ìwúwo wọn sì jáde. Ó wá hàn pé èèyàn máa kó Pluto tó lé ní 450 jọ kí wọ́n tó wúwo tó Ayé kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, kíkéré kọ́ ló lé e kúrò. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2006, ní ìlú Prague, IAU, ìyẹn ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀, dìbò lórí ohun tí wọ́n á máa pè ní pílánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n fi ń yẹ nǹkan wò. Ṣé Oòrùn ló ń yí po? Ṣé ó wúwo débi tí agbára òòfà tirẹ̀ fi lè rọ òun fúnra rẹ̀ di rìbìtì? Ṣé ó ti gbá àdúgbò ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́? Èyí tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pílánẹ́ẹ̀tì ni. Èyí tó bá yege nínú méjì àkọ́kọ́, tó fìdí rẹmi nínú ìkẹta, tí kì í sì í ṣe òṣùpá nǹkan mìíràn, òun ni pílánẹ́ẹ̀tì aràrá. Ẹ tún un kà dáadáa, kò sí iye kìlómítà kankan níbẹ̀.

Ìbéèrè kìíní kò lọ́jú pọ̀, ẹni tí nǹkan ń yí po ló ń wádìí. Ganymede, òṣùpá Jupiter, fẹ̀ tó 5,268 kìlómítà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Mercury tó jẹ́ ojúlówó pílánẹ́ẹ̀tì kò ju 4,879 lọ. Síbẹ̀ òṣùpá ni Ganymede, torí Jupiter ló ń tẹ̀ lé kiri. Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Ojú ló ń tan wá nígbà náà, torí Àgùàlà, tí wọ́n ń pè ní Venus, ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́dọ̀ Oòrùn, kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ òṣùpá. Ti Ganymede yàtọ̀ sí ìyẹn, ajá Jupiter ni lóòótọ́.

Ìbéèrè kejì lọ́jú díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkúta tí kò tóbi, bó ṣe fọ́ náà ló máa wà, torí líle ara rẹ̀ ju agbára òòfà rẹ̀ lọ. Tó bá ń tóbi sí i, àsìkò kan á dé tí òòfà á borí: ibi tó yọ gọngọ á máa rì, ibi tó jìn á máa kún, títí gbogbo ara rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà dọ́gba sí àárín. Ibo wá ni ààlà yẹn? Ọwọ́ ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n ló wà. Yìnyín máa ń tètè gbà ju àpáta lọ. Mimas, òṣùpá Saturn tó jẹ́ pé yìnyín ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, fẹ̀ ní nǹkan bíi 400 kìlómítà péré, ó sì rí rìbìtì. Vesta, àpáta kan tó ń yí Oòrùn po láàárín Mars àti Jupiter, fẹ̀ ju 500 lọ, síbẹ̀ ìdí rẹ̀ rí jágajàga níbi tí nǹkan ńlá ti forí sọ ọ́ nígbà láéláé, kò sì tíì lè tún ara rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé kìlómítà báyìí ni nǹkan ti ń di rìbìtì, ẹ má gbà á lódindi.

Báwo la tilẹ̀ ṣe ń mọ bí nǹkan tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó? Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kéèyàn dúró de ìgbà tí nǹkan náà máa gba iwájú ìràwọ̀ kan kọjá. Ìràwọ̀ náà á ṣú lójijì bíi fìtílà tí wọ́n fẹ́ pa, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ á tún tàn. Tí ẹ bá mọ bí nǹkan náà ṣe ń yára tó, iye ìṣẹ́jú àáyá yẹn á sọ bó ṣe fẹ̀ tó níbi tó ti la ìràwọ̀ náà kọjá. Tí àwọn èèyàn bá wò ó láti ibi tó yàtọ̀ síra, kálukú á ní ìwọ̀n tirẹ̀, ẹ tò ó jọ, ẹ sì ti rí bó ṣe rí. Bí wọ́n ṣe mú Eris, aràrá mìíràn tó wà lẹ́yìn Neptune, nìyẹn láti ilẹ̀ Chile ní oṣù kọkànlá ọdún 2010. Kó tó di ìgbà yẹn, àwọn èèyàn ń pariwo pé Eris tóbi ju Pluto lọ, torí bó ṣe ń tàn. Wọ́n wá rí i pé 2,326 kìlómítà ni ìbú rẹ̀, pé yìnyín tó bò ó ló funfun débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá a padà. Ó fi díẹ̀ kéré sí Pluto ní ìbú, ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ dáadáa.

Eris yìí ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀, àmọ́ kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ n mú yín padà sẹ́yìn, torí Pluto kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1801, Giuseppe Piazzi rí Ceres láti Palermo, láàárín Mars àti Jupiter. Pílánẹ́ẹ̀tì tuntun dé, inú gbogbo èèyàn dùn. Ọdún kejì, wọ́n rí Pallas ní àdúgbò kan náà. Juno tẹ̀ lé e ní 1804, Vesta ní 1807. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pílánẹ́ẹ̀tì ni ìwé ń pè wọ́n. Ìgbà tó wá di àárín ọ̀rúndún yẹn tí wọ́n ń rí òmíràn lórí òmíràn, ó yé wọn pé ọ̀wọ́ àwọn òkúta ni wọ́n ń kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kó gbogbo wọn kúrò, títí kan Ceres. Kò sí ọmọ ilé ìwé kankan tó ń sunkún Ceres lónìí.

Ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Neptune. Fún ọgọ́ta ọdún ó lé, ó dà bíi pé Pluto dá wà níbẹ̀. Ní 1992, David Jewitt àti Jane Luu rí òmíràn. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó kù ń tú jáde bí esunsun, lónìí a ti mọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní Kuiper. Mo ti bá wọn ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, n ó sì sọ bó ṣe rí. Ẹ ó ya fọ́tò apá kan ojú ọ̀run lálẹ́ òní, ẹ ó tún un yà lálẹ́ ọ̀túnla, ẹ ó to méjèèjì léra lórí kọ̀ǹpútà kí àwọn ìràwọ̀ bára mu, ẹ ó wá máa ṣí wọn ní àṣípààrọ̀: èyí, èkejì, èyí, èkejì. Ìràwọ̀ ò ní mira. Ohun tó bá sún láàárín wọn ni ẹ ń wá. Tombaugh náà ṣe é bẹ́ẹ̀, gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò láyé ìgbà náà ló lò. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe é, mo rí àmì kan tó fò kedere, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ìgbà tó yá ni ọ̀gá mi fi hàn mí pé àbùkù inú kámẹ́rà ni. Ibì kan náà ni àbùkù yẹn wà nínú fọ́tò méjèèjì. Èmi ni mo sún fọ́tò kí ìràwọ̀ lè bára mu, tí àbùkù náà sì bá a sún. Látìgbà náà, n kì í yọ̀ kí fọ́tò kẹta tó dé.

Bí Mike Brown àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe wá rí Eris ní 2005 nìyẹn. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di méjì. Tí Pluto bá jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì, kí ló máa sọ pé kí Eris má jẹ́ ẹ? Tí Eris bá sì wọlé, èwo ni ká máa dá dúró lẹ́yìn rẹ̀? Wọ́n kọ́kọ́ gbé àbá kan wá ní Prague pé kí iye náà di méjìlá: kí Ceres, Charon àti Eris wọlé. Àbá yẹn kò dúró. Èyí tó ní ìbéèrè mẹ́ta nínú ló wọlé.

A ti wá dé ibi tó ń dùn yín. Kí ni kí nǹkan gbá ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́? Tí a bá ní kí eruku kankan má kù níbẹ̀, kò sí pílánẹ́ẹ̀tì kan tó máa yege. Òkúta ń ré ojú ọ̀nà Ayé kọjá ní gbogbo ìgbà. Òkúta tó ju 10,000 lọ ló ń bá Jupiter pín ọ̀nà kan náà. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni pé ta ni ọ̀gá ọ̀nà yìí? Tí òkúta kékeré bá rìn sún mọ́ pílánẹ́ẹ̀tì léraléra, ohun mẹ́ta ló lè gbẹ̀yìn rẹ̀: kí pílánẹ́ẹ̀tì náà gbé e mì, kó jù ú nù sí ọ̀nà jíjìn, tàbí kó fi òòfà rẹ̀ tì í sí ibi tí kò ti ní dí òun lọ́wọ́. Ìkẹta yìí ni èèyàn kì í sábà rántí. Àwọn òkúta ọ̀nà Jupiter tí mo sọ yẹn kò fọ́n káàkiri. Ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n, ọ̀kan ń lọ níwájú Jupiter, èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn kì í sì yí padà lọ títí. Jupiter ló pín ibi ìdúró fún wọn.

Ohun tí Pluto jẹ́ sí Neptune gan-an nìyẹn. Nǹkan bí ọdún 165 ni Neptune fi ń yí Oòrùn po, Pluto ń lo ọdún 248. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, tí Neptune bá yí Oòrùn po lẹ́ẹ̀mẹta, Pluto á yí i po lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀ láti ayébáyé. Òótọ́ ni pé láti 1979 sí 1999 Pluto sún mọ́ Oòrùn ju Neptune lọ. Àmọ́ nígbàkigbà tí Pluto bá dé ibi tó wọnú yẹn, Neptune máa ń jìnnà sí ibẹ̀. Ọ̀nà Pluto tún dagun ní ìwọ̀n dígírì 17 sí ọ̀nà Ayé wa, kì í ṣe ilẹ̀ kan náà ló ń bá Neptune tẹ̀. Kódà Pluto máa ń sún mọ́ Uranus ju bó ṣe ń sún mọ́ Neptune lọ. Wọn ò lè kọlu ara wọn. Neptune, tó wúwo ju Pluto lọ ní ìlọ́po tó lé ní 7,000, ni onílù. Pluto ń jó sí i, òun nìkan kọ́ ló sì ń jó o, torí ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn nínú ọ̀wọ́ Kuiper ló ń yípo ní ìwọ̀n mẹ́ta sí méjì yẹn gan-an. Nítorí náà, Pluto tó wà lójú ọ̀nà Neptune kò ba Neptune jẹ́, ẹ̀rí ló jẹ́ fún un.

Tí ẹ bá fẹ́ iye, Steven Soter ṣe ìṣirò kan ní 2006 tó wù mí. Ó mú ìwúwo nǹkan, ó fi wé àròpọ̀ ìwúwo gbogbo ohun tó kù ní àdúgbò ọ̀nà rẹ̀. Ti Ayé jẹ́ ìlọ́po mílíọ̀nù 1.7. Ti Neptune jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 24,000. Ti Ceres kò pé ìdajì, 0.33 ni, ti Pluto tilẹ̀ wá jẹ́ 0.08 péré. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín iye ti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì àti 0.33. Kò sí ohun kankan lágbedeméjì. Èyí ló jẹ́ kí n fara mọ́ ìpín náà: wọn ò fi ọbẹ gé nǹkan tó so pọ̀, odò ti la ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀.

Ohun tí n kò fara mọ́ ni orúkọ náà. Aràrá èèyàn, èèyàn ni. Ìràwọ̀ aràrá, ìràwọ̀ ni, Oòrùn wa yìí gan-an wà nínú ìràwọ̀ aràrá. Àmọ́ ìpinnu 2006 ní pílánẹ́ẹ̀tì aràrá kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan gbé àbá wá níbi ìpàdé kan náà pé kí àwọn mẹ́jọ máa jẹ́ irú kan, kí àwọn aràrá jẹ́ irú kejì lábẹ́ orúkọ kan. Àbá náà fìdí rẹmi. Orúkọ yìí ló ń mú kí gbogbo èèyàn máa rò pé kíkéré ni ẹ̀ṣẹ̀ Pluto, n kò sì lè bá wọn jà.

Àwọn tí kò gbà rárá náà ní ẹnu ọ̀rọ̀. Alan Stern, tó ṣe olórí iṣẹ́ ọkọ̀ New Horizons, wà lára wọn. Nígbà tí ọkọ̀ náà gbéra ní oṣù kìíní ọdún 2006, ọ̀dọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì ló ń lọ. Nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pluto ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2015, ọ̀dọ̀ aràrá ló dé. Ó sì bá òkè yìnyín níbẹ̀, pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí yìnyín náítírójìn ń rọra rìn lórí rẹ̀, àti kùrukùru tó dà bí aró lójú ọ̀run. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí a wo ohun tí nǹkan jẹ́, kí a má wo àwọn aládùúgbò rẹ̀: tó bá ti rí rìbìtì, ó tó. Fún ẹni tó ń kọ́ nípa òkè àti ilẹ̀, ó bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn ní láti gba Òṣùpá wa àti Ganymede náà wọlé, iye náà á sì ju 100 lọ. Wọ́n tún ní nǹkan kan náà lè jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì níbí kó di aràrá lọ́hùn-ún, torí bí ọ̀nà bá ṣe jìnnà sí Oòrùn tó ni gbígbá rẹ̀ ṣe ń nira sí. Òótọ́ ni, n kò ní èsì tó lè pa ẹnu mọ́ sí èyí. Òfin 2006 náà tún ní kù-dìẹ̀-kù-dìẹ̀: Oòrùn nìkan ló dárúkọ, bẹ́ẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì tí a ti rí lọ́dọ̀ àwọn ìràwọ̀ mìíràn ti lé ní 5,000.

Nítorí náà, nínú ìjà yín nílé, ọmọ yín ló jàre: mẹ́jọ ni. Àwọn aràrá tí IAU ti kà sílẹ̀ jẹ́ márùn-ún, Ceres, Pluto, Eris, Haumea àti Makemake. Quaoar, Sedna, Gonggong àti Orcus ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ọ̀kan, kó fi Pluto sílẹ̀, awò awọ̀nàjíjìn ńlá nìyẹn ń gbà. Ceres ni kó wá, awò olójú méjì tí wọ́n ń gbé kọ́rùn ti tó o lásìkò tó bá sún mọ́ wa, bí ojú ọ̀run bá mọ́. Ohun tó máa rí ò ju àmì tíntín bíi ti ìràwọ̀ lọ. Kó ya gbogbo àmì tó wà níbẹ̀ sórí ìwé pẹ̀lú pẹ́ńsù, kó padà wá lẹ́yìn alẹ́ mẹ́ta, kó wo èyí tí kò sí níbi tó yà á sí mọ́.